Awẹ́ Òkúta Mọ́kànlá

Bí wọ́n bá gbé òkúta fún un, kì í kọ́kọ́ wò ó. Á gbé e sún mọ́ etí, á fi èékánná kàn án, á sì dákẹ́. Òkúta tí inú rẹ̀ pé á dún gooro. Èyí tó ti là nínú, tí ojú kò rí i, á dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

"Òkú ni eléyìí," á wí, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olókùúta ni wọ́n ń pè é. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú yàrá òkúta, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́yìn yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fọ́ òkúta bí àwọn èèyàn àtijọ́ ṣe ń fọ́ ọ kí irin tó dé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara wọn rí bí ọ̀bẹ àti àáké ṣe ń jáde láti inú rẹ̀. Yàrá náà kò tóbi. Àga onígi kan wà níbẹ̀, awọ líle kan tó máa ń tẹ́ sórí itan, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, àti fèrèsé kan tí eruku òkúta ti sọ di funfun. Eruku kan náà ti wọ àyà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì mọ̀ pé kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Olókùúta, ẹ má fọ́ èérún sí wa lójú lónìí o!"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ èérún, kó lọ kọ́ ìṣirò."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fi agbára lù ú," á máa wí. "Agbára kọ́ ló ń fọ́ òkúta. Etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí etí bá nàró bí ògiri, ẹ lè lù ú títí di ọdún tó ń bọ̀, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sábẹ́ díẹ̀, bí àgbọ̀n ẹni tó ń tijú. Ibẹ̀ ni kí ẹ lù."

Á wá lù ú. Òkúta òòlù á ba etí, awẹ́ kan á já bọ́ sórí awọ. Á gbé e sókè kí wọ́n rí inú rẹ̀. Ibi tí òòlù ti bà á á wú díẹ̀, bí ojú ibi tí agbọ́n ta. Láti ibẹ̀, ìgbì kékeré á máa tẹ̀ lé ìgbì, bí omi tí a sọ nǹkan sí, títí dé etí kejì. Lílù kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá kù sí ọwọ́ lẹ́yìn tí àwọn awẹ́ ti já kúrò lára rẹ̀, kókó ni wọ́n ń pè é.

Òfin kan wà nínú yàrá náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ibẹ̀ ló ṣe é. Ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti fọ́ òkúta, ìbáà jẹ́ nínú yàrá tàbí ní ìta, ó gbọ́dọ̀ fi àfọ́kù ìgò aláwọ̀ aró kan sí ìsàlẹ̀ èérún rẹ̀, kí àwọn tó bá gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má baà rò pé ti àtijọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ àfọ́kù ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni Olókùúta ń mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò mú un.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òkúta. Ibi ìfọ́kùúta ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fi òòlù irin sọ àpáta di èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, bàbá rí i pé ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń nà sí ohun gbogbo. Ó ya etí aṣọ kan, ó fi so ọwọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ àga.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ló wí. "Ṣé ilé tèmi lo fẹ́ máa fi òsì júwe?"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Tó bá dùn ọ́ dáadáa, o ò ní í gbàgbé."

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń so ó. Ìyá rẹ̀ ló máa ń tú u nígbà ìwẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ló máa ń so ó padà, á sì fa kókó aṣọ náà le, kí bàbá má baà sọ pé kò le tó. Nígbà tó yá, aṣọ kò wúlò mọ́. Bí ọwọ́ òsì bá fẹ́ gbéra, á rántí ara rẹ̀, á sì padà sórí itan.

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba iṣẹ́ ní yàrá òkúta. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọjọ́ kan yẹn, ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ni. Wọ́n rán an lọ ṣa òkúta ní etí odò tó wà lábẹ́ òkè. Òun nìkan ló lọ. Ó rí òkúta kan tó tó orí ọmọdé, tí ara rẹ̀ dúdú, tí ìlà pupa kan sì là á já bí òwú. Ó kàn án. Ó dún gooro. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e lé itan, kò sì mọ ìgbà tí òòlù bọ́ sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ó lù ú. Awẹ́ kan já. Ó gùn, ó fẹ́lẹ́, ó sì dán débi pé ìmọ́lẹ̀ gba etí rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì fọ́ irú rẹ̀ rí. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Òmíràn já, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò ní láti ronú. Ọwọ́ náà mọ ibi tó ń lọ, bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́. Awẹ́ mẹ́wàá já lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìkọkànlá nìkan ni kò dé òpin. Ó dúró láàárín, ó ṣẹ́ bí àtẹ̀gùn. Olókùúta rẹ́rìn-ín, ó pariwo rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan láti ibi ìfọ́kùúta sáré wá lójú ọ̀nà, eruku bo gbogbo ara rẹ̀.

"Wọ́n ní ibí lo wà. Máa bọ̀. Àpáta ti ya lé bàbá rẹ."

Ó dìde. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ló tó mọ̀ pé òun ṣì gbé kókó náà lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ilẹ̀kùn sì ń gbá. Ìyá rẹ̀ gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀ láì wò ó, ó fi há ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ náà. Àwọn awẹ́ mọ́kànlá wà ní etí odò, kò sí ìgò lábẹ́ wọn.

Kò tún fi ọwọ́ òsì lu òkúta mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé òun ló pa bàbá rẹ̀. Kò nílò ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbẹ́ etí odò náà. Odò ti kún bo ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, erùpẹ̀ tó kó jọ ti jìn tó apá èèyàn. Ó rí awẹ́ mọ́kànlá níbẹ̀. Ó wá ìgò, kò rí ìgò. Ó kó wọn lọ sí ìlú mìíràn láti yẹ̀ wọ́n wò, ó kọ ìwé lé wọn lórí, orúkọ rẹ̀ sì di ńlá. Olókùúta gbọ́ pé ọ̀gá ti rí ohun kan. Kò béèrè ohun tó jẹ́. Ta ní í pe ẹni tó ń gbá èérún sí ìpàdé?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é. Àwọn àlejò láti òkè òkun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti gbé àpótí onígíláàsì kan kalẹ̀ sí yàrá iwájú, wọ́n sì tẹ́ aṣọ dúdú sínú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi tò wọ́n," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ kì í ga. "Ọwọ́ yín ló rọ̀ jù níbí."

Ìwé pélébé kan wà lára àpótí náà. Ó kà á bó ṣe ń tú àwọn awẹ́ kúrò nínú òwú. *Àwọn Ọlọ́wọ́ Òsì Àtijọ́*. Ìwé náà sọ pé ẹni tó ń fi ọ̀tún lu òkúta máa ń yí kókó sí apá kan bó ṣe ń lù ú, èèpo òkúta á sì máa kù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lára awẹ́ mọ́kànlá yìí, ẹ̀gbẹ́ òsì ló pọ̀ sí. Nítorí náà, ìran kan ti gbé etí odò yìí rí, tó jẹ́ pé òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. A kò rí kókó wọn. Wọ́n ti gbé e lọ, bóyá nítorí pé ohun mímọ́ ni lójú wọn.

Ó gbé èyí tó kẹ́yìn. Ó ṣẹ́ láàárín bí àtẹ̀gùn. Ìlà pupa kan là á já bí òwú.

Ó tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn nílé, ó yí òkúta náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ kò tíì gbàgbé iṣẹ́.

"Kí lò ń wá nílẹ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù?"

"Òkúta yìí ni mò ń wò, Màámi."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó bímọ ni?"

"Ó bí mọ́kànlá."

"Ó sàn jù ọ́ lọ nígbà náà."

Olókùúta nu eruku ara òkúta náà, ó wé e sínú aṣọ.

"Mo fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

"Kí ni mo fẹ́ fi há ilẹ̀kùn? Ṣé ẹsẹ̀ mi?"

"Màá gbé e padà wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n kí àwọn tó kù tó dé. Ó ti rò ó dáadáa. Òkúta kì í jiyàn. Bí ọ̀gá bá rí i fúnra rẹ̀, yóò tún ìwé náà kọ kí àwọn àlejò tó dé, ojú kò sì ní í tì í.

"Ẹ wọlé, Ìyá. Kí lẹ gbé mọ́ra bí ọmọ ọwọ́ yìí?"

"Kókó ni, sà."

"Kókó kí ni?"

"Ti àwọn mọ́kànlá yẹn."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí yàrá iwájú, ó sì mú awẹ́ alátẹ̀gùn wá. Ó gbé e lé kókó náà. Kò wọ̀ ọ́. Ó yí i. Ó wọ̀ ọ́. Ó dún kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn pa ẹnu dé. Ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ lára awẹ́, ó kọjá sára kókó, kò já níbì kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ti ilẹ̀kùn.

"Níbo lo ti rí i?"

Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò fi *ẹ* bá a sọ̀rọ̀.

"Nílé wa, sà. Èmi ni mo fọ́ ọ. Òun la fi ń há ilẹ̀kùn."

"Ẹ fi ń há ilẹ̀kùn."

"Ọdún méjìdínlógún."

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun mímọ́ ni lójú wọn."

"Màámi fẹ́ràn rẹ̀, sà."

Kò mọ̀ pé òun ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí.

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń ṣiṣẹ́."

"Lọ́jọ́ yẹn nìkan, sà, òsì ni."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹnì kankan ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá, kí ojú má baà tì yín."

"O ṣeun," ni ó wí. Ó jókòó. "Ìgò dà?"

"Sà?"

"Òfin ilé yìí. Ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọ. Níbo lo fi ìgò sí lọ́jọ́ náà?"

"Ọjọ́ náà ni bàbá mi kú."

"Mi ò béèrè ọjọ́ tí bàbá rẹ kú. Ìgò ni mo béèrè."

Ikọ́ gbé e, ó wú u títí ó fi tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró dè é.

"Ọdún méjì ló kù kí o fẹ̀yìn tì," ló wí. "Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni ẹni tó rú òfin. Wọ́n á lé e. Ẹni tí wọ́n bá lé kì í fẹ̀yìn tì, ilé ló ń lọ. Ta ló ń tọ́jú ìyá rẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Mo mọ̀."

Ó fi aṣọ nu awẹ́ náà, ó fi í sápò. Ó ti kókó padà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ ní kíláàsì ní agogo mọ́kànlá, Ìyá. Ẹ gbé òkúta yín dání. Òun lẹ máa fọ́ fún wa lónìí."

Akẹ́kọ̀ọ́ bí ogún ló wà nínú yàrá. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá, ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ìyá Olókùúta, ojú wa o! Ẹ má fọ́ èérún sí i!"

Ó tẹ́ awọ sórí itan. Ó gbé kókó náà sí etí, ó kàn án. Ilẹ̀kùn ti fi ọdún méjìdínlógún gbá a, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò là. Ó dún gooro.

Ó mọ bó ṣe lè dá a sí. Kí ó lù ú níbi tí kò tọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, etí rẹ̀ á rún, kò ní í ṣe é fọ́ mọ́, kókó á sì kù. Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mọ òkúta. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ Olókùúta.

Ó gbé òòlù kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún, ó fi sí òsì.

Ó lù ú. Awẹ́ kan já, ó gùn, ó fẹ́lẹ́, ìlà pupa wà lára rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i, ó fi ìka tọ́ka sí èèpo tó kù ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ó lu èkejì. Ó lu ẹ̀kẹta. Ọwọ́ náà kò gbàgbé ohun kan.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú tó wọ gíláàsì ojú, tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó dá gègé dúró.

"Ìyá, ọlọ́wọ́ òsì ni yín ni? Torí àwọn awẹ́ yìí jọ ti inú àpótí yẹn gan-an."

Olókùúta gbé ojú sókè. Ó yà á lẹ́nu pé ẹnì kan rí i. Ó la ẹnu.

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí láti ìdí fèrèsé. "Èmi ni mo ní kí Ìyá sín àwọn ará àtijọ́ jẹ lónìí, kẹ́ ẹ lè rí i pé kò rọrùn. Ó ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó gbìyànjú. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyá?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Ọmọbìnrin náà ti gbé gègé lé ìwé, ó ń dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹ fọ́ ọ tán."

Ó fọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́. Awẹ́ keje já lódì, etí rẹ̀ la àárín àtàǹpàkò àti ìka ọwọ́ òsì náà, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí awọ.

"Ẹ wò ó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ni iṣẹ́ àti àwọn tó ń sín wọn jẹ nìyẹn. Àwọn yẹn kì í gé ara wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí kókó náà kéré tó ẹyin, tí kò sí ibi tí òòlù lè bà mọ́, ó gbé e kalẹ̀ sórí òkúta pẹrẹsẹ tó wà nílẹ̀, ó sì fọ́ ọ túútúú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n jáde tán. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èérún jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má gbàgbé ìgò o, Ìyá."

Ó mú àfọ́kù kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì da òkúta rẹ̀ lé e.

Ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ilé wọn láti òpin àdúgbò. Ó ń gbá, ó ń ṣí, ó ń gbá. Ìyá rẹ̀ jókòó níbi tó fi í sí láàárọ̀.

"Orí ti fọ́ mi tán. Òkúta mi dà?"

"Mo lò ó níbi iṣẹ́, Màámi. Wọ́n ní kí n fọ́ ọ."

"O fọ́ òkúta mi." Ìyá yí etí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ó fọ́ dáadáa?"

"Ó fọ́ dáadáa."

Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn ojú rẹ̀. Òsì tó fi aṣọ wé ló bà. Ó fi ìka tẹ aṣọ náà, ó wá kókó rẹ̀ rí, ó dì í mú.

"Ọwọ́ wo lo fi lù ú?"

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí ọmọbìnrin onígíláàsì yẹn, òun nìkan ló béèrè bẹ́ẹ̀ tó sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

"Ọ̀tún ni, Màámi."

"Ìyẹn dáa," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fa kókó aṣọ náà le.